Ọkọ̀ Panápaná Lẹ́nu Ibodè

"Ẹ káàsán o, ẹ kú iṣẹ́," ni Oníbodè wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò san owó ibodè?"

Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fún ẹ̀rọ náà, ohùn tó tutù, tí kò kánjú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Ọ̀pá irin rẹ̀ dábùú ojú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ panápaná, ó nípọn tó itan àgbàlagbà. Dígí pẹlẹbẹ kan yọ jáde lára ògiri, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé awakọ̀, ó ń tàn, ó ń retí àtẹ́lẹwọ́.

Mosúnmọ́lá Akíndípẹ̀ kò gbé ọwọ́ lé e. Ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Jìnádù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé tí Jìnádù ti ń fa họ́ọ̀sì, ó sì dàgbà ju ọ̀gá rẹ̀ yìí lọ dáadáa.

"Mosún, ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lórí itan mi, ẹ̀gbọ́n."

"Iná ń jó lọ́hùn-ún."

"Mo rí i."

Kò sí ẹni tí kò lè rí i. Ní òdìkejì ọ̀sà, lórí Òkè-Ayọ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń gbé, èéfín kan ń gòkè ní ọ̀sán gangan. Ó ṣì funfun. Òkè-Ayọ̀ ló ga jù nínú erékùṣù méje tó ṣẹ́kù nígbà tí omi gba ìlú àtijọ́, afárá mẹ́fà ló sì so wọ́n pọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn mọ́tò tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ní awakọ̀. Fúnra wọn ni wọ́n ń rìn, fúnra wọn ni wọ́n ń san owó ibodè, ọ̀pá yóò gbéra, yóò tún wálẹ̀. Ọkọ̀ panápaná àti áńbúláǹsì nìkan ni ènìyàn ṣì ń wà, torí kò tíì sí mọ́tò tó ń dá rìn tó gbà láti sún mọ́ iná.

"Bó bá jẹ́ àpò iléeṣẹ́ panápaná ni yóò san," ni Oníbodè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "mo ti ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹ ní sùúrù kó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí."

Fóònù inú ọkọ̀ dún. Mosúnmọ́lá kò yára gbé e. Láti ìgbà tí ìpè ti wọlé sí àgọ́ wọn ló ti mọ ilé ẹni tó ń jó. Ilé Olóyè Ṣówándé ni, alága Ìgbìmọ̀ Afárá.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ṣówándé gbé Òfin Ìdọ́gba Lẹ́nu Ibodè wá. Kó tó dìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ pàjáwìrì ló ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí afárá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n Olóyè ní àwòrán lọ́wọ́: áńbúláǹsì tó ń kó ọtí lọ sóde ìgbéyàwó, áńbúláǹsì tó ń gbé ọmọ ọlọ́rọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ní kí gbogbo ọkọ̀ dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fèrè pàjáwìrì tan ibodè jẹ mọ́. Ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn panápaná náà pàtẹ́wọ́, torí òótọ́ lohun tó sọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí òfin bẹ̀rẹ̀ ni ilé àwọn aránṣọ gbiná ní Ìlágbó. Mọ́rẹ́nikẹ́, àbúrò Mosúnmọ́lá, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni ọkọ̀ panápaná fi dúró lẹ́nu ibodè, torí akọ̀wé lọ jẹun. Nígbà náà, òfin kò tíì gbà kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. Mosúnmọ́lá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo èéfín Ìlágbó. Ó rí i nígbà tó kúrò ní funfun tó di dúdú, ó rí i nígbà tí dúdú náà nípọn tó ń yí bí òkìtì òwú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí ikú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Ṣówándé dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Àánú wọn ṣe wá. Ṣùgbọ́n ibodè kò gbọdọ̀ mọ ojú ẹnikẹ́ni." Àtúnṣe kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ni pé òṣìṣẹ́ lè fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ san bí kò bá lè dúró de akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, kò sí iná tí Mosúnmọ́lá kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó rẹ̀. Wọn kò pẹ́ dé ibì kankan mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kọ ìwé ẹ̀hónú. Iná kan ló ń dúró dè. Kò gbàdúrà fún un, kò sì ní fọwọ́ ara rẹ̀ dá a. Ó kàn mọ̀ pé ilé ni ilé ń jẹ́, ti ẹnikẹ́ni lè jó.

Ó gbé fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Kí lẹ dúró ṣe?" ni Olóyè béèrè. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mò ń rí iná orí ọkọ̀ yín láti ọgbà mi níbí."

"Ẹ káàsán, Olóyè. Ibodè ló dá wa dúró. Akọ̀wé là ń retí."

"Akọ̀wé wo? Ẹ fi ọwọ́ yín san án. Màá dá a padà fún yín."

"Ta ló wà nínú ilé?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mò ń gbébẹ̀, mo sì ti jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú ilé yẹn. Ẹ kọjá, ẹ jọ̀ọ́."

Jìnádù fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "O mọ̀ pé a kì í gba ọ̀rọ̀ onílé lórí ìyẹn."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́nì kankan."

"Mo gbọ́. Mo ní a kì í gbà á."

Mosúnmọ́lá mọ̀. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn tuntun ní àgọ́: ẹ bi onílé, kí ẹ wá wá inú ilé bí ẹni pé kò dáhùn. Ṣùgbọ́n "kò sẹ́nì kankan" tí Olóyè sọ yẹn bọ́ sí i létí bí ohun tó ti ń retí láti ọdún mẹ́ta. Bí kò bá sẹ́nì kankan, ilé lásán ló ń jó. Ó mú ọwọ́ Jìnádù kúrò.

"Olóyè, Mosúnmọ́lá Akíndípẹ̀ lorúkọ mi. Mọ́rẹ́nikẹ́ Akíndípẹ̀ ni àbúrò mi."

"Èwo ni Mọ́rẹ́nikẹ́?"

"Ìlágbó. Ilé àwọn aránṣọ."

Nínú fóònù, wọ́n ń gbọ́ bí dígí ṣe ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo fẹ́?" ló béèrè níkẹyìn.

"Ìwé òfin yín ní alága lè fi ohùn rẹ̀ ṣí ibodè."

"Kò ṣeé ṣe fún ọkọ̀ kan."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí alága bá fún ọkọ̀ kan, gbogbo irú rẹ̀ ló ní in, ní gbogbo ibodè, títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lé e."

"Mo kọ ọ́ kí alága kan má baà máa ṣojúsàájú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni."

"Ohun tó dára lẹ kọ. Ẹ ṣí i fún gbogbo wa."

"Arábìnrin, gbọ́ mi. Ẹ kọjá báyìí. Lọ́la, ìwọ àti èmi yóò jókòó, a ó sọ ọ́."

"Mo ti jókòó. Ibi tí mo jókòó sí náà nìyí."

Ohùn Olóyè le. "Kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní, màá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Òfin wo ni mo rú? Ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. 'Lè' lẹ kọ. Ẹ kò kọ 'gbọ́dọ̀'." Ó tẹ́tí díẹ̀. "Àánú yín ṣe mí, Olóyè. Ṣùgbọ́n ibodè kò gbọdọ̀ mọ ojú ẹnikẹ́ni."

Inú rẹ̀ dùn bó ti sọ ọ́ tán. Kò fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Lókè ọ̀hún, èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í dà mọ́ funfun. Jìnádù na ọwọ́ tirẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀ síhà dígí. Mosúnmọ́lá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kì í ṣe iṣẹ́ wa nìyí, Mosún."

"Mo mọ̀. Ìṣẹ́jú kan sí i."

Jìnádù lè já ọwọ́ náà gbà, ó lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun náà wà lára àwọn tó gbé àwọn òkú Ìlágbó sọ̀kalẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì kọjú sí fèrèsé tirẹ̀.

Nínú fóònù, nǹkan ńlá kan wó. Olóyè kígbe orúkọ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oníbodè."

"Mò ń gbọ́, Olóyè Alága. Ẹ káàsán."

"Jẹ́ kí ọkọ̀ pàjáwìrì kọjá lọ́fẹ̀ẹ́."

"Òfin kò gba ẹyọ kan. Ṣé gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ẹ ṣeun. Ọ̀nà á dára o."

Ọ̀pá irin gbéra. Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n lò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Olóyè Ṣówándé dúró láàárín koríko ọgbà rẹ̀, bùbá rẹ̀ ya léjìká, ó gbé àpótí ìwé kan mọ́ àyà. Iná ti gba yàrá mẹ́ta lókè. Jìnádù ti ń so họ́ọ̀sì mọ́ pọ́ǹpù. Mosúnmọ́lá kò wo Olóyè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń de ìbòjú rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin tó ń tún ọgbà ilé kejì ṣe sáré wọlé.

"Ìyá Sẹ̀nàmi ńkọ́?" ni ọkùnrin náà béèrè. "Ẹ ti rí Ìyá Sẹ̀nàmi?"

"Ta ni yẹn?" ni Mosúnmọ́lá wí.

"Ìyá tó ń fọ aṣọ níbí. Ọjọ́rú lòní. Ó máa ń lọ aṣọ lókè lọ́jọ́rú."

Mosúnmọ́lá wo ojú Olóyè nígbà náà. Kì í ṣe ojú ẹni tó purọ́. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.

Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló wọlé. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ wá ògiri, títí ó fi kan ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Kò kọ́kọ́ ṣí. Aṣọ tútù ló dí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ti rẹ aṣọ ìbora Olóyè sínú omi, ó ti fi dí gbogbo ibi tí èéfín lè gbà wọlé, ó sì ti dùbúlẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé pẹ̀lú aṣọ tútù lójú. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń kọ́ aráàlú pé kí wọ́n ṣe ló ṣe, kò gbàgbé ìkankan. Ó ń retí wọn. Èéfín wá rí ọ̀nà gba òrùlé wọlé.

Mosúnmọ́lá pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìyá náà kò wúwo rárá. Ó ṣì ń mí nígbà tí áńbúláǹsì dé. Gbogbo ibodè tó wà lọ́nà ló ṣí sílẹ̀ fún un, kò dúró níbì kankan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ti kú. Dókítà tó gbà á sọ fún Jìnádù pé ká ní wọ́n gbé e dé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Ọjọ́ kẹta ni Sẹ̀nàmi wá sí àgọ́ panápaná. Obìnrin ńlá ni, kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jó irin mọ́ra níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ Mosúnmọ́lá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n ní òun ló ṣí ibodè. Àwọn ènìyàn gbé èso wá sí àgọ́, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ nígbà tí Sẹ̀nàmi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wọ inú iná lọ gbé ìyá mi," ló wí. "Mo wá dúpẹ́ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó sin ín."

Jìnádù tó ń nu pọ́ǹpù lẹ́yìn wọn dúró, kò nu ún mọ́.

Mosúnmọ́lá lè gba ọpẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè. Òun àti Jìnádù nìkan, àti Olóyè, ló mọ bí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ibodè ti lọ.

"Dìde," ló wí. "Má kúnlẹ̀ fún mi. Mo dúró lẹ́nu ibodè fún ìṣẹ́jú méje. Ọwọ́ mi lè san án, mo máa ń san án. Mi ò san án lọ́jọ́ náà torí ilé ẹni tó ń jó. Ó ní kò sẹ́nì kankan nínú ilé, mo sì gbà á gbọ́ torí ó wù mí kí n gbà á gbọ́."

Sẹ̀nàmi dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn orúnkún rẹ̀.

"Ó ní kò sẹ́nì kankan?"

"Ohun tó sọ nìyẹn."

"Ẹ̀yin sì dúró."

"Mo dúró."

Sẹ̀nàmi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Mosúnmọ́lá rò pé yóò gbá òun lójú, ó sì ti múra láti gbà á.

"Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ máa jókòó?" ni Sẹ̀nàmi béèrè.

"Ọjọ́ mẹ́fà sí i. Wọ́n fẹ́ pinnu bóyá kí ìkọjá ọ̀fẹ́ dúró tàbí kí wọ́n fagi lé e. Bí mo bá sọ ohun tí mo sọ fún ẹ yìí níbẹ̀, ó lè mú kí wọ́n fagi lé e."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́." Ó so gèlè rẹ̀ le. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Olóyè la ó kọ́kọ́ parí."

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn awakọ̀ áńbúláǹsì wá, àwọn nọ́ọ̀sì wá, àwọn ará Ìlágbó wá. Ṣówándé ní kí wọ́n gbé ohùn tí Oníbodè gbà sílẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ ti gbọ́," ni Ṣówándé wí. "Obìnrin yìí lè kọjá, kò kọjá. Ó fi iná fún mi lọ́rùn. Ṣé irú wọn la fẹ́ kó ibodè mẹ́fà lé lọ́wọ́?"

Wọ́n bi Mosúnmọ́lá bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan tó bá a ya fọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Sẹ̀nàmi na ọwọ́ sókè. Wọ́n gbà á láyè. Kò lọ síwájú, àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mosúnmọ́lá ló ti sọ̀rọ̀.

"Olóyè, ọdún mélòó ni ìyá mi fi fọ aṣọ yín?"

"Ó pẹ́. Ó tó ọdún mẹ́wàá."

"Mọ́kànlá. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ṣówándé nu ọrùn rẹ̀. "Ìyá Sẹ̀nàmi."

"Èmi ni Sẹ̀nàmi. Orúkọ tirẹ̀ ni mò ń béèrè."

Wọ́n dúró dè é. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé rẹ̀. Ṣówándé wo àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún, ó wo àwọn tó jókòó lápá òsì, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ ọ́.

"Abọ́sẹ̀dé," ni Sẹ̀nàmi wí. "Abọ́sẹ̀dé Hunsù. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà nínú ilé tí ẹ ní kò sẹ́nì kankan. Bí ẹ bá ti sọ pé ẹnì kan wà ńbẹ̀ ni, obìnrin yìí ì bá ti gbé ọwọ́ lé dígí. Ẹ wo gbogbo òfin tí ẹ kọ. Ta ni ẹ rí nígbà tí ẹ ń kọ ọ́?"

Ó jókòó.

Wọ́n dìbò lójú gbogbo ènìyàn. Nínú àwọn mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ló na ọwọ́ pé kí ọkọ̀ pàjáwìrì máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fi áńbúláǹsì ṣe òde ṣẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ Ṣówándé. Wọ́n mú un dé iwájú ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n ní kó pe Oníbodè nígbà ìkẹyìn, kí ẹ̀rọ lè mọ ohùn tí yóò gbàgbé. Ó pè é. Ohùn ìyá àgbà dáhùn pé, "Ẹ káàsán o. Mi ò mọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò san?"

Àwọn ará Ìlágbó rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro ọjọ́ yìí fún ọdún mẹ́ta, ó sì dùn mọ́ ọn bó ti rò ó gẹ́lẹ́. Ó wo Ṣówándé bó ti ń rọra jáde láàárín èrò, tí kò sẹ́ni tó yà fún un, kò sì ṣíjú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Jìnádù ní òun ń lọ dúró nídìí ọkọ̀. Ó ku àwọn obìnrin méjèèjì lórí àga gígùn. Sẹ̀nàmi kò tíì dìde. Ó kọjú sí Mosúnmọ́lá, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Tirẹ̀ ti parí," ló wí. "Ó ku ìwọ."

Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ dáadáa.

"Mo mọ̀," ló wí, kò sì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.